Ègé Àkàrà Tó Jẹ́ Ti Ilé

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú Ilé Tábà tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun rí Stamatia rí láìkun ìtọ́tè. Kí àwọn yòókù tó máa họ ara, kí wọ́n tó máa wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, obìnrin yìí á ti jókòó sétí ibùsùn rẹ̀, á ti di irun rẹ̀ sẹ́yìn, ètè rẹ̀ á ti pupa, aṣọ ibùsùn á sì ti nà gbọọrọ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Bí àlejò bá wọlé tó ń wá ọ̀gá ilé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kí a tó máa bọ́rọ̀ lọ: aláìnílélórí ni Stamatia, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní alágbe, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Argyris, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sùn níbẹ̀, ṣe é wò. Ojú rẹ̀ rí màbo.

Ẹ̀yìn èbúté Pireas, nílẹ̀ Gíríìsì níbí, ni Ilé Tábà wà. Ilé ìkẹ́rù ni láyé àwọn baba wa, tábà ni wọ́n ń kó síbẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀ títí, òórùn tábà ṣì ń jáde lára ògiri. Ìjọ àti àwọn ọmọ àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ló to bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ fún àwọn tí kò ríbi orí wọn sùn.

Báwo wá ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe dé ibẹ̀? Ìbéèrè tí àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ lápò máa ń bèèrè nìyẹn, bí ẹni pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Kò jìn rárá. Ẹ̀yin ẹ fetí sílẹ̀.

Télọ̀ ni Stamatia. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ aránṣọ kan ní Nikaia, kọ́là tó bá sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kì í wọ́, kì í tẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ìlú wa dojú dé, ọ̀gá wọn kó gbogbo máṣíìnì sínú ọkọ̀ ẹrù, ó gbé wọn kọjá ibodè lọ sí Bọ̀ọ́gáríà níbi tí owó òṣìṣẹ́ kò ti pọ̀. Ó bá wọn bọwọ́, ó tilẹ̀ sunkún, ó sì lọ. Manthos, ọkọ Stamatia, ń kun ọkọ̀ ojú omi ní Perama. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ tán níbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tí ọ̀dà ti bà jẹ́ ló wá tẹ̀lé e. Lemonia, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, bá ìdajì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Jámánì láti wá iṣẹ́. Ó wá ku Stamatia nìkan nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà lórí òkè Kastella, òun àti owó opó tí ológbò ò lè jẹ yó.

Síbẹ̀, kò jẹ onílé lówó rí. Bàbá àgbà kan ló ni ilé náà, èèyàn gidi ni. Ìgbà tí bàbá kú ni wàhálà dé. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà: kí ogójì ọjọ́ bàbá tó pé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tà á fún àwọn tó ń sọ ilé di yàrá fún àwọn arìnrìn-àjò, àwọn tó ń sun ọjọ́ méjì, tí wọ́n á ya fọ́tò òkun, tí wọ́n á sì máa lọ. Wọ́n fún Stamatia ní àkókò tí òfin là kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó nà án, kò sẹ́ni tó bú u. Ohun tó dùn ún jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé kò rẹ́ni bá jà.

Ó wá ilé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Gbogbo ilé tó wọ̀, owó rẹ̀ ti ròkè, torí àwọn arìnrìn-àjò yìí kan náà. Ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò Manthos. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ lóṣù kìíní. Lóṣù kẹta, ọkọ àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná pálọ̀ nígbà tí Stamatia ṣì ń ránṣọ níbẹ̀, tí á sì máa wúkọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsàn. Stamatia kò dúró kí wọ́n lé òun. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, ó dì mọ́ gbogbo wọn, ó ní òun ti ríbi.

Irọ́ ni. Ọsibítù ló gbà lọ.

Ní Atẹ́nì àti Pireas níbí, kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ń gba aláìsàn pàjáwìrì lójoojúmọ́; wọ́n ń gbà á fún ara wọn ni, eléyìí lónìí, tọ̀hún lọ́la. Stamatia mọ èyí tó kàn. Á múra, á kun ìtọ́tè, á rọ kọfí sínú fúláàsì, á wá lọ jókòó sáàárín àwọn ẹbí tó ń dúró de aláìsàn wọn. Ta ló máa bi obìnrin tó múra dáadáa lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn pé ta lò ń dúró dè? Àwọn èèyàn a tilẹ̀ máa kí i pé ara aláìsàn á yá. Á ṣe àmín.

Ibẹ̀ ló ti wá rí i pé òun nìkan kọ́. Bàbá kan wà tó ń gbé fọ́tò egungun kiri, fọ́tò egungun kan náà láti ìgbà oòrùn títí di ìgbà òtútù. Ìyá àtọmọ kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá jókòó síhìn-ín lónìí, ọsibítù kejì ni wọ́n á ti pàdé Stamatia lọ́la, wọ́n á sì ṣe bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Ọkùnrin kan wà tó ń wọ táì. Bílẹ̀ bá mọ́, á fọ ojú ní ilé ìyàgbẹ́ ọsibítù, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Ẹ gbọ́ o, ó níṣẹ́! Iṣẹ́ wà, owó oṣù wà, àmọ́ owó oṣù náà kò ká ilé. Àwọn míì ń sun inú mọ́tò létí òkun, àwọn míì ń sun ẹ̀yìn ìsọ̀ tí wọ́n tì pa, àwọn míì wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa pa iná. Ìjọba máa ń wá ka àwọn tó sùn sórí páálí ní gbàgede. Ta ló ń ka àwọn tó jókòó pẹ̀lú táì lọ́rùn? Ó ń bí mi nínú tí mo bá gbọ́ iye tí wọ́n ń kà sórí rédíò.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá mọ àṣírí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé búrẹ́dì roboto tó ní yánmọtí lára fún un, kò wo ojú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá, ẹni tẹ́ ẹ ń dúró dè yẹn, kò ní jáde o. Ẹ lọ sí Ilé Tábà lẹ́yìn èbúté, ẹ bèèrè Danae."

Bó ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn. Danae ni ọmọbìnrin tó ń bójú tó ilé náà, ọmọ tó láàánú, tí omijé rẹ̀ kì í jìnnà. Argyris sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá Stamatia sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Argyris ń tún fíríìjì ṣe tẹ́lẹ̀, ó ní ìsọ̀ tirẹ̀, ó nílé tirẹ̀ pẹ̀lú bákóní, kó tó di pé ó ṣe onídùúró fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní báńkì. Ẹ̀gbọ́n sá lọ, báńkì kó ilé àti bákóní. Ohun tó kù fún un ni ẹnu, ó sì mú ju abẹ lọ. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí ìyá alágbe jókòó, kí ẹsẹ̀ wọn sinmi.

Stamatia gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ilé ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọmọ yìí," ló wí, "ọwọ́ mi ò bọ́." Ó bá di Argyris lọ́rùn aṣọ mú. Ẹnu kọ́là tó dì mú yẹn ti ya. Ó ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà níbẹ̀. Argyris rò pé eré ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ títí dọ̀sán lójú gbogbo èèyàn, nínú òtútù, nígbà tí Stamatia tú kọ́là náà, tó yí i po, tó sì rán an padà bí tuntun. Láti ọjọ́ náà ni Argyris ti ń pè é ní ìyá, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó sí àyè rẹ̀.

Ohun gbogbo ìbá rọrùn bí kò bá sí ti Lemonia.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Lemonia máa ń pè láti Jámánì. Ilé oúnjẹ kan ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nígbàkígbà tó bá sì pè, ariwo abọ́ ni ìyá rẹ̀ máa ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Stamatia kò sọ fún un pé ilé ti lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò fẹ́ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí òun. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ kò wá gbà á mọ́. Bí Lemonia bá ní kí wọ́n fi ilé han òun lórí fóònù, á ní wọ́n ń rẹ́ ògiri, ekuru pọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń rẹ́ láti Àjíǹde títí di Kérésì! Lemonia kò sì bèèrè jù. Ó yẹ kí ìyẹn ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó ń purọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè, bí wọn ò bá bi í, á dúpẹ́ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejìlá, Lemonia ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ ọdún tuntun gan-an lòun máa dé, ọwọ́ ọ̀sán. Ó ní, "Màámi, ẹ má gé àkàrà ọdún láìsí mi o. Ẹ dúró dè mí nílé."

Ọ̀rọ̀ àkàrà yẹn ló ká Stamatia lára jù. Nítorí lọ́dọ̀ tiwa, àkàrà Bàsílì Mímọ́, àkàrà òyìnbó tí a ń yan fún ọdún tuntun, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń gé jẹ. Olórí ilé ló ń mú ọ̀bẹ. Á fi ọ̀bẹ sàmì àgbélébùú sórí rẹ̀, á wá máa gé e, á máa pe orúkọ ẹni tó ni ègé kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ ti Kristi, ìkejì ti Wúńdíá, ìkẹta ti ilé, ìkẹrin ti tálákà tó bá kanlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ni ti àwọn ará ilé láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Owó ẹyọ kan wà nínú àkàrà náà, ẹni tó bá kàn ló ni oríire ọdún. Láti ìgbà tí Manthos ti kú, Stamatia ló ń mú ọ̀bẹ. Kò pa á jẹ lọ́dún kan. Níbo ló ti fẹ́ gé e lọ́tẹ̀ yìí lójú ọmọ tó bí? Ó lè fara da òtútù, ó lè fara da kí wọ́n máa pín ọbẹ̀ fún un nínú ìlà. Kí Lemonia rí i nínú ìlà náà ni kò lè fara dà.

Argyris ní kí wọ́n ṣáà lọ háyà ilé tiwọn fún ọjọ́ kan, ṣebí àwọn arìnrìn-àjò ló ń háyà rẹ̀, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n gé àkàrà, kí wọ́n jáde. Àwàdà ló fi ṣe. Ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ kan ni Stamatia fi ń ro ó, kó tó wá mi orí. Ó ní òun ò ní ṣe àlejò nínú ilé tí òun ti bímọ. Ohun tó wá pinnu ni pé òun máa lọ dúró níwájú ilé náà lọ́wọ́ ọ̀sán tí bọ́ọ̀sì pápákọ̀ òfuurufú máa ń dé, òun á mú Lemonia lọ sí ilé kọfí létí èbúté, òun á sì sọ fún un pé... Ibẹ̀ ni ìpinnu náà máa ń parí sí.

Àkàrà Ilé Tábà ńkọ́? Òun náà ni Danae bẹ̀ pé kó ṣe é. Ó pò ó pẹ̀lú omi ọsàn, ó dà á sínú páànù roboto tí kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀, páànù ìyá ìyá rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ilé búrẹ́dì àdúgbò kí wọ́n bá a yan án. Agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ ọdún ni wọ́n máa gé e. Ó rò pé tí òun bá gé e tán, òun á ṣì bá bọ́ọ̀sì Lemonia.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n tó ọgbọ̀n tí wọ́n dúró yí tábìlì ká, kálukú nínú aṣọ tó dáa jù tó ní. Danae fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bá a sọ̀rọ̀ sétí. "Ìyá Stamatia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fo ti ilé, kí ọkàn wọn má baà bàjẹ́. A kì í gé e níbí." Ẹ má bínú sí Danae. Ìfẹ́ ló fi ń fò ó. Ó rò pé ẹni tí kò nílé, kò yẹ kí wọ́n dárúkọ ilé létí rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Stamatia ní ó dáa.

Ó sàmì àgbélébùú. Ó gé ti Kristi, ó pè é. Ó gé ti Wúńdíá, ó pè é. Ó wá gbé ojú sókè. Gbogbo wọn ló mọ èyí tó kàn, torí kò sẹ́ni tí wọn ò gé e fún rí nínú wọn. Ó rí i tí wọ́n ń dorí kodò lọ́kọ̀ọ̀kan. Argyris, ẹlẹ́nu mímú, ń wo bàtà rẹ̀. Ojú tì wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun, bí ẹni pé àwọn ló jí nǹkan. Inú bí Stamatia. Ta ni wọ́n jà lólè? Báńkì? Àbí àwọn tó kó máṣíìnì sálọ?

Ó kan páànù náà pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀bẹ. "Ìyá ìyá mi ló ni páànù yìí," ló wí. "Èbúté tó wà níwájú wa níbí ló sọ̀ sí, lọ́dún tí ogun lé wọn kúrò ní Símírínà. Páànù yìí nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú tíátà ìlú ni wọ́n kó wọn sí, ìdílé kan nínú àyè ìjókòó kan, aṣọ ibùsùn ni wọ́n ta tó di ògiri. Nígbà tí ọdún dé, ó gé àkàrà níbẹ̀. Nígbà tó kan ti ilé, ọkọ rẹ̀ ní kó fò ó, pé àwọn ò nílé. Ó ní rárá. Ó ní ilé ò tíì dé ni, ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà, kí wọ́n fi tiẹ̀ pa mọ́ dè é."

Ó gbé ọ̀bẹ lé orí àkàrà náà. "Ti ilé," ló wí, kò sì rọra wí i.

Bàbá kan ṣí fìlà. Danae ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Argyris ló gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ìyá," ló wí, "ẹ gé e kó fẹ̀ díẹ̀ o. Tèmi ní bákóní."

Ẹ̀rín tó bú níbẹ̀! Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà òjò rẹ́rìn-ín. Stamatia gé e kó fẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gé ìkẹrin, ó ní ti tálákà, ó sì bèèrè pé ta ni kí òun gbé e fún. Ẹ wò wọ́n o, àwọn tó ń jẹ ọbẹ̀ ìjọ, àwọn tí gbogbo ẹrù wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ọwọ́ kan kò lọ sókè. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń wá tálákà náà. Argyris gbé ègé náà sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ló ni ín. Wọ́n pín ìyókù, wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí eyín, kálukú ń retí owó ẹyọ. Kò tíì kan ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀kùn fi dún.

Lemonia ni. Ọkọ̀ òfuurufú tó bá wá ti tètè gbéra, ó sì ti dé òkè Kastella kí Stamatia tó gé àkàrà. Ó kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti bí i. Arìnrìn-àjò kan tó wọ sílípáàsì ló ṣílẹ̀kùn, tó rò pé ó wá gbálẹ̀ yàrá ni. Ó wá lọ bá Pandelis, bàbá tó ń ta ìwé ìròyìn àti súìtì nínú ìsọ̀ kékeré ní ìkóríta. Stamatia ti bẹ Pandelis kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ nígbà tí Pandelis rí ọmọ náà pẹ̀lú báàgì onítáyà ńlá lẹ́bàá títì, kò lè purọ́ fún un. Ó fi ọ̀nà Ilé Tábà hàn án.

Argyris kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé àwo lé ọwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí agbọ́tí ọba. Ó ní ẹ kú ọdún, arábìnrin, ti tálákà kàn yín. Lemonia wo àkàrà, ó wo àwo, ó wá wo ẹ̀yìn Argyris, ó rí ìyá rẹ̀ nídìí tábìlì pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Ohun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó lè sọ pé òun wá ran àwọn aláìnílé lọ́wọ́ ni. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ pàápàá, ẹnikẹ́ni ì bá sì gbà á gbọ́, nítorí ìtọ́tè àti kọ́là aṣọ tó gúnrégé yẹn. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n èèyàn ló ń wò ó, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí sókè torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bó bá sẹ́ wọn báyìí, ibo ló fẹ́ gbé ojú sí?

"Ọmọ mi nìyẹn," ló sọ fún wọn.

"Màámi, ẹ ní wọ́n ń rẹ́ ilé."

"Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ilé ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ibí ni mò ń gbé, àwọn tí mo ń bá gbé nìyí." Ó nà ró bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń retí ẹkún, ó ń retí èébú.

Lemonia jókòó sórí báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Kò ní ilé ní Jámánì, kò ní in rí. Yàrá ìkó-ìrẹsì tó wà lórí ilé ìdáná ni ọ̀gá ilé oúnjẹ ní kó máa sùn, ìdí nìyẹn tí ariwo abọ́ fi wà nínú gbogbo ìpè rẹ̀. Ó ti wá ilé níbẹ̀ náà. Tí yàrá kan bá ṣí sílẹ̀, àwọn tó ń tò láti wò ó á gba àtẹ̀gùn títí dé títì, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́, ẹni tó níṣẹ́ méjì. Kí Kérésì tó dé, ọ̀gá ti ilé oúnjẹ pa. Iṣẹ́ lọ, yàrá ìrẹsì bá a lọ. Gbogbo ohun tó ní láyé ló jókòó lé lórí yẹn.

"Mo ní tí mo bá ṣáà ti dé ilé yín," ló wí, "màá sùn díẹ̀ kí n tó sọ fún yín." Ó nu ojú, ó sì na ọwọ́ sí àwo Argyris. "Ẹ gbé e wá, bọ̀dá. Èmi náà ló kàn lóòótọ́."

Stamatia ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ náà kúrò. "Fi sílẹ̀. Ìwọ kọ́ ni tálákà. Ẹni tó ni ìyẹn ṣì ń bọ̀." Ó padà sídìí tábìlì, ó gbé ègé kẹta, èyí tó fẹ̀ jù, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Tìẹ nìyí."

Argyris ní, "Ìyá, ti ilé nìyẹn. Ẹ ní ká fi pa mọ́ dè é."

"A ti fi pa mọ́," ni Stamatia wí. "Ó ti dé."

Gbogbo wọn ń wo ẹnu Lemonia bó ṣe ń jẹ ẹ́. Kò sí owó ẹyọ níbẹ̀. Àkàrà lásán ni, ọsàn àti ṣúgà, ó sì jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Danae wá sún mọ́ wọn, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́, ó ní bẹ́ẹ̀dì ti kún, ó ní òfin ilé wà. Stamatia gbọ́ ọ parí. Ó dá a lóhùn pé òun ń bọ̀wọ̀ fún òfin Danae, àmọ́ òun náà ní òfin kan tí òun ti jogún, pé ẹni tó bá jẹ nínú páànù yìí kì í sùn níta, bí bẹ́ẹ̀dì bá sì kún, òun á jókòó sórí àga, jíjókòó sùn kò ṣàjèjì sí òun. Danae wò ó, ó wá kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí, Argyris sì gbé báàgì onítáyà náà wọbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ Bangladẹ́ẹ̀ṣì kan tó ń ta òdòdó fún àwọn tó jókòó sí ilé kọfí kanlẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yáná díẹ̀. Wọ́n fún un ní ègé tó wà lórí àga. Owó ẹyọ ló gé jẹ níbẹ̀. Argyris, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ègé náà síbẹ̀, lọ kọjú sí ògiri lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Lemonia jáde lọ wáṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ti fi ìtọ́tè tirẹ̀ kùn ún, ó ti na kọ́là rẹ̀. Nígbà tó kọjá níwájú ìsọ̀ Pandelis, bàbá náà yọ orí síta láàárín àwọn ìwé ìròyìn, ó ń ṣọ́ ẹnu, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú fún ti àná, ó wá rọra bi í pé níbo ló wá dé sí.

"Ilé màámi," ni Lemonia dá a lóhùn, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté.